Ta Ló Sọ Ẹ̀yìnkùlé Di Igbó?

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2016, mo ṣe ohun kan tí gbogbo ẹbí yìn mí fún, tí mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo fi ọjọ́ kan ṣoṣo pa ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi mọ́ ní Ejìnrìn.

Ẹni tí kò bá mọ Ejìnrìn, etí ọ̀sà ló wà, lápá Ẹ̀pẹ́. Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù, ọjà ibẹ̀ wà lára àwọn ọjà ńlá tí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé ṣòwò. Nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, òkìkí ọjà náà rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà mi gbé títí wọ́n fi kú lọ́dún 2011. Lẹ́yìn ìsìnkú, a ti ilẹ̀kùn, kálukú sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, n ò rí ògiri ẹ̀yìn ilé mọ́. Mo háyà ọmọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú àdá, mo ra oògùn apakoríko. Kó tó di aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti mọ́ féfé. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Àdúrà rọ̀jò.

Nígbà tí mo tún lọ, ìyá kan tó ń gbé lódìkejì ògiri wá kí mi. Wọ́n wo ilẹ̀ yíká, wọ́n ní: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Orógbó ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo ní: "Orógbó wo, mà?"

Wọ́n fọwọ́ hàn mí. Kùkùté kékeré kan ni, kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìyá àgbà ló gbìn ín nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n kú. Láàárín koríko, ó jọ igi lásán.

Ẹ̀yin náà mọ orógbó. Níbi ìsọmọlórúkọ, òun la fi ń ṣàdúrà pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbìn ín ló mọ̀ pé igi náà kì í kánjú: ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó so. Ìyá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún tó gbin orógbó, ta ló gbìn ín fún? Ó dájú pé kì í ṣe ara wọn. Àwa ni wọ́n gbìn ín fún. Èmi ni mo sanwó àdá tó gé e.

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun. Níbi iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí a máa ń kọ́ ọmọ tuntun: má pa kóòdù tí o kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. O lè bá ìlà kan pàdé tó jọ pàǹtí, tí ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbi iṣẹ́ tipẹ́. O yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ Fúráìdè. Tó bá di Mọ́ńdè, owó àwọn oníbàárà ò wọlé mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Èmi fúnra mi ti fi òfin yìí kọ́ àwọn èèyàn rí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo dé tí mo gbàgbé ẹ̀. Kóòdù ṣì dáa, a lè padà sí ẹ̀dà àná. Ilẹ̀ ò ní Ctrl+Z.

Ọ̀rọ̀ tó wá ń jà gùdù lọ́kàn mi ni "igbó." Èmi pe ibẹ̀ ní igbó. Ìyá tó wà lódìkejì ògiri pè é ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ. Ibì kan náà la jọ ń wò. Wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ wa ò ju ìyẹn lọ. Ẹ tún wo bí a ṣe ń sọ ọ́: "ilé náà ti di igbó," bí ẹni pé ilé ló ṣe é fúnra rẹ̀. A kì í sọ pé "a ò débẹ̀ fún ọdún márùn-ún." A ti rí ibi tí a máa di ẹ̀bi náà lé. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Lọ́dún yẹn, èmi ni aṣeni náà.

Nígbà tí òjò dé, ilẹ̀ tí mo fi oògùn pa jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ò gbàgbé. Ọ̀gbàrá gbá yèèpẹ̀ dúdú orí rẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀sà. Lẹ́yìn náà, ewé Akíntọ́lá hù bo gbogbo ibẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé Nàìjíríà, síbẹ̀ kò síbi téèyàn ò ní bá a. Àgbẹ̀ ò fẹ́ rí i lóko. Àmọ́ nígbà tí àdá gé mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún 2017, òun náà ni wọ́n rún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ṣé ọ̀tá ni ká wá pè é ni, àbí ọ̀rẹ́?

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń lọ. Igun kan ni mò ń fọwọ́ kàn, n kì í sì í gé ohun tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Màá ya fọ́tò rẹ̀, màá mú un tọ ìyá náà lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lèyí?" Màá kọ ọ́ sínú fáìlì: orúkọ rẹ̀, ìlò rẹ̀, ẹni tó sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ òdúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀. Ìtàkùn kan wà tí mo ti ń fà tu láti ọjọ́ yìí wá, tí èso rẹ̀ rí kókó-kókó. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ejìnrìn ni. Mo dúró ní Ejìnrìn, n ò mọ ejìnrìn! Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́dún 2018, mo gbin hóró orógbó mẹ́fà. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá, mo ti gbà pé wọ́n ti jẹrà, kí ẹyọ kan tó yọrí.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí ibẹ̀ padà sí bó ṣe wà láyé ìyá àgbà ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló là mí lóye. Ní bí ọdún 1950 sí 1960, àwọn ojúbọ ibẹ̀ ti ń wó, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dọdẹ, àwọn tó ń wá ilẹ̀ sì ti fojú sí i lára. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí. Wọn ò dá a padà sí bó ṣe wà. Àwọn ère sìmẹ́ńtì ńláńlá tí wọ́n mọ, irú wọn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Nígbà tí Wenger kú lọ́dún 2009, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ayé àtijọ́ ò padà sí igbó Ọ̀ṣun. Èèyàn ló padà síbẹ̀, tí wọn ò sì lọ mọ́. Mo rò pé ohun tí àtúnṣe jẹ́ gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi pè mí. Ilẹ̀ ti ń wọ́n lápá Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan sì ti wá béèrè ẹ̀yìnkùlé náà. Wọ́n ní: "Orógbó tí kò tíì so, èló ni wọ́n ń tà á lọ́jà?" N ò lè bínú sí wọn. Wọ́n ní ọmọ méjì ní yunifásítì, èmi ń gba owó oṣù. Ó rọrùn fún ẹni tó yó láti máa sọ̀rọ̀ igi. Kò sì yẹ kí òkú gba oúnjẹ lẹ́nu alààyè.

Mo kàn ní: "Dádì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo ohun tí à ń tà." A lọ. Wọ́n dúró síbi tí àmù ìyá wọn máa ń wà. Wọ́n já ẹ̀fìnrín, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ò tà mọ́ o. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa wọ mọ́tò, wọ́n ní kí n wá nǹkan yí orógbó yẹn ká, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́.

Ohun tí mo rí dìmú kò pọ̀. Àwa la nilẹ̀, a lè gé, a lè tà. Àmọ́ n ò gbà pé a lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ohun tí a ò tíì béèrè orúkọ rẹ̀. Bóyá ilé kan wà nílùú tiyín náà tí ẹ̀ ń sọ pé ó ti di igbó. Kẹ́ ẹ tó háyà ọmọ aládàá, ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó wà lódìkejì ògiri.

Orógbó náà dé èjìká mi báyìí. Ó ṣì kù fún un kó tó so. Mo ti ra wáyà tí màá fi yí i ká.