Ta Ni Ó Ni Ìlà Tí Ẹ̀rọ Bá Fà?

Nígbàkígbà tí irinṣẹ́ tuntun bá dé sáàárín àwọn ènìyàn, ìbéèrè méjì ni ó máa ń mú wá. Èkínní ni bí a ti ń lò ó. Èyí kì í pẹ́ rí ìdáhùn, nítorí pé ẹni tí ó tà á yóò kọ́ ẹni tí ó rà á. Èkejì ni irú ènìyàn tí irinṣẹ́ náà yóò sọ ẹni tí ń lò ó dà. Èyí ni ó sì sábà máa ń já lé olùkọ́ léjìká. Ìbéèrè kejì yìí ni ó dojú kọ àwọn olùkọ́ Technical Drawing káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà lónìí, bí yíya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ ti ń kúrò lórí pátákó àti T-square bọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ tí kò tí ì mọ bí a ti ń di kọ́ńpáàsì mú bá jókòó níwájú ẹ̀rọ, tí ó sì ya róbótó tí kò ní àléébù kankan, ǹjẹ́ ọmọ náà ni ó yà á? Bí àwòrán náà bá sì purọ́, ta ni yóò jẹ̀bi rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun mọ́. Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ lórí ètò kan tí ó pè ní Sketchpad. Ó ń fi kálàmù oníná kan ojú kọ̀ǹpútà, ìlà sì ń hàn níbẹ̀. Bí ó bá pàṣẹ pé kí ìlà méjì gùn bákan náà, ẹ̀rọ yóò mú wọn dọ́gba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé AutoCAD jáde, èyí tí ó ṣeé lò lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí ń gbé orí tábìlì. Láti ìgbà náà ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń tàn kálẹ̀, títí ó fi di irinṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ayàwòrán-ilé, awọnlẹ̀ àti onímọ̀-ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó bá mọ làálàá àtijọ́ kò ní fojú kéré ìtura yìí. Nígbà náà, bí táńganran àṣìṣe kan bá bọ́ sórí àwòrán tí a ti fi yíǹkì fà, abẹ ni a ó fi máa ha á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí á tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwà mímọ́ kan nínú ìyà tí kò nídìí. Ata tí ẹ̀rọ lọ̀, ata ni, bí ẹnu tilẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti orí ọlọ.

Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ tí ó dúró ti ọwọ́ kò ṣàì ní àwíjàre. Wọ́n ní ìfarabalẹ̀ ọwọ́ ni ó ń fún ọpọlọ láyè láti ronú. Ọmọ tí ó bá fi kọ́ńpáàsì pín igun kan sí méjì ọgbọọgba ti fojú rí ìdí tí ìpín náà fi tọ́. Èyí tí ó bá pàṣẹ fún ẹ̀rọ rí èsì nìkan. Àwọn tí ó dúró ti ẹ̀rọ náà sì ní tiwọn: wọ́n ní ẹni tí ó bá fi pẹ́ńsù nìkan rán ọmọ jáde sí ibi iṣẹ́ ayé òde òní dà bí ẹni tí ó rán an lọ sí oko láìfún un ní ọkọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì ní òtítọ́ nínú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọwọ́ ni ìhà méjèèjì ń wò, kò sí èyí tí ó wo ọkàn.

Ẹ wo ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rí. Ó tẹ 3000, ẹ̀rọ sì fa ìlà náà. Ṣùgbọ́n 3000 kí ni? Mìlímítà ni tàbí íǹṣì? Bí kò bá sí ẹni tí ó pinnu òṣùwọ̀n náà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà lásán ni. Lẹ́yìn èyí, ó ya ògiri mẹ́rin yàrá kan, igun wọn sì dà bí ẹni pé wọ́n pàdé. Nígbà tí ó ní kí ẹ̀rọ fi ìlà wẹ́wẹ́ kún inú yàrá náà, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ó súnmọ́ igun náà, ó sì rí àlàfo bíńtín tí ojú kò lè tètè rí: ògiri kò pàdé, yàrá kò tì. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹ̀rọ lè fún ènìyàn ní ìlà gbọọrọ tí ó dán. Kò lè fún un ní òtítọ́. Ohun tí ó dára lójú lè má tọ́.

Ibi tí ìdánwò ìwà gan-an wà ni ibi ìwọ̀n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya ògiri tí ó yẹ kí ó jẹ́ 3000 mìlímítà, tí ó sì ṣèèṣì fà á sí 2950, tí ó bá ní kí ẹ̀rọ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, 2950 ni yóò kọ. Ẹ̀rọ kò mọ ojúsàájú. Ọmọ tí ó ní sùúrù yóò padà lọ tún ògiri náà fà. Ọ̀lẹ yóò pa nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà rẹ́, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ 3000 rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ètò náà gbà á láyè. Lórí ìwé, kò sí olùkọ́ tí yóò tètè mọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ó gba máàkì tí ó pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí bíríkìlà yóò gba nọ́ńbà gbọ́, tí ẹni tí ń ṣe irin fèrèsé yóò sì mú ìwọ̀n tirẹ̀ láti ara ìlà, tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò sì ní bára mu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ti sọ òtítọ́. Ènìyàn ni ó fi agbára mú un purọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òtítọ́ wà nígbà pẹ́ńsù, kí kọ̀ǹpútà tó wá lé e lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981, ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, afárá ìrìnsẹ̀ méjì tí a fi ọ̀pá irin so rọ̀ nínú ilé-ìtura Hyatt Regency já lulẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí. 114 ni ó kú. Bí wọ́n ti kọ́kọ́ yà á, ọ̀pá gígùn kan náà ni yóò gba inú afárá òkè dé ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ̀pá kan di méjì, afárá ìsàlẹ̀ wá di ohun tí ó so rọ̀ mọ́ ti òkè, ẹrù ibi ìsopọ̀ ti òkè sì di ìlọ́po méjì. Ìyípadà yìí hàn kedere nínú àwòrán, àwòrán sì gba òǹtẹ̀, láìsí ẹni tí ó jókòó ṣírò ohun tí ó túmọ̀ sí. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn pàdánù ìwé-àṣẹ wọn ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ní ọdún 2006 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ Airbus kéde pé ọkọ̀ òfuurufú A380 yóò pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tí ó rà á. Àwọn òṣìṣẹ́ Hamburg àti ti Toulouse kò lo ẹ̀dà kan náà ètò ìyàwòrán CATIA, wáyà tí ó sì dá lórí àwòrán ìhín kò bá ọ̀nà tí ó wà lọ́hùn-ún mu. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí AutoCAD tó jáde, ti èkejì ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà; àbùkù kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè ni kò béèrè.

Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ tí ó fa ìlà ni ó ni ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ó lè sọ ìdí tí ìlà fi wà níbi tí ó wà, tí ó sì ṣetán láti jíhìn fún un, òun ni onílà. Láti ibí yìí ni a ti lè rí ohun tí ó burú nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kì í ṣe nítorí pé kò làágùn ni ó fi jẹ́ olè, bí kò ṣe pé ó gbé orúkọ rẹ̀ lé ohun tí kò lè dáhùn fún.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ kò nira láti mọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya èrò rẹ̀ sórí ìwé pélébé, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Kí ó wá gbé e lọ sójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa nàka sí ìlà èyíkéyìí, kí ó sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí iná kì í dúró níbẹ̀, lè ṣe èkínní àti ẹ̀kẹta láìsí ìdíwọ́. Àwọn méjèèjì yìí ni ó sì wúwo jù.

Ó tún kan olùkọ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ yìí bí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Kí ojú má ṣe tì wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ lè yára ju olùkọ́ lọ lórí máòsì. Olùkọ́ ni yóò bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ kò ní bi í. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò mọ̀ tí ó sì ń ṣe bí ẹni tí ó mọ̀, òun pẹ̀lú ti kọ 3000 sórí ìlà tí kò ju 2950 lọ, àwọn ọmọ tí ń wò ó yóò sì kọ́ èyí lára rẹ̀ kíákíá ju bí wọ́n ti ń kọ́ ìlà fífà lọ.