Ta Ló Gbé E Síbẹ̀?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀ràn yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ọmọ oṣù mẹ́jọ bá gbé kẹrosíìnì mu, ẹ̀bi ta ni?

Ní 1986 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn mí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a ń gbé ní Mushin, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ayálégbé mẹ́wàá ni wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa sì ti ń dáná. Àkọ́bí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Ọmọ tó jẹ́ pé ibi tí a bá gbé e sí la ó bá a tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹni tí a ń wá kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ń yangàn kiri pé ọmọ mi yára ju ti onílé wa lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra kẹrosíìnì, mo rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo gbé e ti ẹsẹ̀ tábìlì, mo sì jókòó ti ìwé ìròyìn. N kò tíì ṣí ojú ewé kejì tí mo gbọ́ "Yéè! Bàbá Túndé!" Kí n tó dìde, Ìyá Rísí, alábàágbé wa, ti já ìgò gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ara aṣọ rẹ̀ ló dà sí, kò tíì dé ẹnu.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbá ọmọ lọ́wọ́. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mo ní níbo lojú rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbójú sókè, mo ní Ọlọ́run ló yọ mí.

Ìyá Rísí ní, "Ọlọ́run ló yọ yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbé e síbẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀.

Àwa la máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn bí ogún ló wà nílé lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ń wò ó. Ojú a máa rẹ èèyàn, ojú a sì máa ka ìwé ìròyìn. Ìgò tí kò sí nílẹ̀ kò fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọmọ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ jẹ́ kí iná jó o lẹ́ẹ̀kan, kò ní súnmọ́ ọn mọ́. Bó bá jẹ́ pé kó di àga mú, kó ṣubú, kó tún dìde, mo gbà. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí ọmọ mu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, àwa tí a sì ń sáré fún un ní epo pupa kó lè bì í, a tún ń dá kún un ni. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ. Omi ìsàlẹ̀ korobá tí kò ju ìwọ̀nba lọ tó láti pa á, torí orí rẹ̀ wúwo, bó bá ti dorí kodò, kò lè gbé ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀kọ́ wo ni òkú ń kọ́?

Èyí tó ṣòro jù ni ti agbada àkàrà Ìyá Rísí. Àràárọ̀ ló ń dín in lẹ́nu ọ̀nà wa, òun ló sì ń jẹ níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Ojú tì mí. Àbí ẹni tó gba ọmọ mi là ni n ó wá lé kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀? Mo kan pákó dí ẹnu ọ̀nà wa dé orúnkún, mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé agbada lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí òjò ti ń pa á. Kò sọ pé torí wa ni. Èmi náà kò bi í.

Ọmọ Túndé ló ń rá nílé mi báyìí. Kò sí kẹrosíìnì níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi bọ́tìnnì, èyí tó ń wà nínú rìmóòtù fáànù, bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ibẹ̀. Lánàá, mo dojú bolẹ̀, mo fi àyà fà yí pálọ̀ ká, kí n lè rí ohun tí ọmọ náà ń rí. Eegun mi ń ké, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Mo bá ọ̀kan lábẹ́ àga.

Èmi ni mo pààrọ̀ bátìrì fáànù lọ́sẹ̀ tó kọjá.