Ọjọ́ Orí Ọmọ, Ẹ̀rí Àgbà

Nígbà tí a bá ń pín àwọn ọmọdé fún ìdíje ìjàkadì, a máa ń rò pé ìṣirò lásán ni à ń ṣe: a ó wo ọdún tí a bí ọmọ, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ọdún tí a wà, ọ̀rọ̀ sì parí. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò parí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ọmọ kan dojú kọ ọmọ mìíràn ti ṣe ìdájọ́ pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Bí ìdájọ́ náà bá wọ́, ọmọ ni yóò fara gbá a. Nítorí náà, ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: kí ni a ó fi mọ̀ pé ọmọ méjì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ta ni ó sì yẹ kó jẹ́rìí sí i?

Àwọn baba wa mọ ìjàkadì, wọ́n sì mọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́. Wọn kò ní ìwé ìbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí: ọdún tí ọba kan wàjà, ọdún tí eéṣú ya wọ oko. Àwọn tí a bí nígbà kan náà ni ọ̀gbà, wọ́n sì jọ ń dàgbà lójú gbogbo ènìyàn. Ní àríwá Tógò, àwọn Kabiyè ṣì ń ṣe Evala ní oṣù Keje ọdọọdún, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi ìjàkadì wọ ipò àgbà. Níbẹ̀ náà, ojú àwọn tó mọ̀ wọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń jà.

Ìdíje òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Kétu lè bá ọmọ Lomé pàdé, kí ó má sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí United World Wrestling, àjọ tó ń ṣàkóso ìjàkadì lágbàáyé, fi gbé òfin kalẹ̀: ọmọ ọdún 14 sí 15 wà ní ìpele kan, 16 sí 17 ní òmíràn, 18 sí 20 ní ẹ̀kẹta. Ọmọ ọdún 13 lè wọ ìpele àkọ́kọ́ bí dókítà bá fọwọ́ sí i tí òbí rẹ̀ sì gbà. Ọdún ìbí ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo oṣù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú ìdíje ọdún 2025, ọmọ tí a bí ní oṣù Kìn-ín-ní 2010 àti èyí tí a bí ní oṣù Kejìlá 2012 lè bá ara wọn ní ìpele kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ, ní àsìkò ìbàlágà gan-an, nígbà tí oṣù díẹ̀ lè sọ ọmọdé di géńdé. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Kánádà pé, nínú eré họ́kì orí yìnyín, àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ ju àwọn tí a bí ní ìparí rẹ̀ lọ láàrin àwọn tó dé òkè. Kì í ṣe pé oṣù Kìn-ín-ní ń bí akọni. Wọ́n kàn fi oṣù díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nígbà tí a ń ṣà wọ́n ni.

Àwọn kan yóò wí pé kí a fi ọjọ́ orí sílẹ̀, kí a máa fi ìwọ̀n nìkan pín wọn, kí oníkìlò 45 máa bá oníkìlò 45 jà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, ìwọ̀n sì wà nínú òfin ìjàkadì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò tó. Kìlò kan náà kì í ṣe ara kan náà: egungun ọmọ ọdún 13 ṣì ń gùn, kò tí ì gbó bíi ti ọmọ ọdún 16. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn lè fi ebi àti òùngbẹ tan ìwọ̀n jẹ. Ní ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń jìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàrin nǹkan bí oṣù kan, níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti dín ìwọ̀n ara wọn kù kíákíá. Bí géńdé bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀, kí ni ọmọdé tó fẹ́ tẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ́rùn kò ní ṣe? Ọjọ́ orí ní iyì kan tí ìwọ̀n kò ní: ọmọ kò lè fi ìyà jẹ ara rẹ̀ láti yí i padà. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, àgbà ló pa á.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwa olùkọ́ tó ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún BEPC mọ bí ìwé ìbí ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló ṣe é, ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìbí. Òmíràn kò ní ọjọ́, kò ní oṣù, "né vers" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àìní ló fa èyí, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ọjọ́ orí ọmọ kù kí ife-ẹ̀yẹ lè wọlé, wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n. Ta ni yóò san gbèsè ọgbọ́n yìí? Ọmọ tí a gbé lulẹ̀ yóò máa ka ara rẹ̀ sí ọ̀lẹ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó jù ú lọ ló bá jà. Ẹni tó borí pàápàá kò jèrè: ó ti kọ́ pé àgbà lè jẹ́rìí èké nítorí ife, ọdún irọ́ náà yóò sì tẹ̀ lé e dé ibi ìdánwò àti ibi iṣẹ́.

Ẹ̀rọ kò lè gbà wá lọ́wọ́ èyí. Ní 2009, níbi ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní Nàìjíríà, FIFA fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí egungun ti gbó tó. Kò lè sọ ọjọ́ tí a bí ènìyàn, nítorí egungun ẹnì kan lè yára gbó ju ti ọ̀gbà rẹ̀ lọ. Ilé ìwé wo ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ló sì lè san owó rẹ̀?

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí àwọn tí kò tí ì pé ọdún 16 má ṣe bá ẹni tó fi ju ọdún kan ààbọ̀ jù wọ́n lọ jà, kí a sì tún wo ìwọ̀n wọn. Èyí yóò mú kí ìjà dín kù. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe gbé ọmọ lọ sí ìpele tó jù ú lọ kìkì nítorí pé adíje kò pé. Ẹ̀kẹta ni ó le jù: ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò dáni lójú. Bí a bá gbé e sókè, òun lè fara pa. Bí a bá fi í sísàlẹ̀, ó lè pa ẹlòmíràn lára. Kò yẹ kí a fi ara ọmọ kankan ta tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí àwọn baba wa ti ṣe, kí a wá àwọn tó mọ̀ ọ́n: ìyá rẹ̀, ìyá àwọn ọ̀gbà rẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ìwé orúkọ kíláàsì àkọ́kọ́ tó wọ̀. Títí ẹ̀rí wọn yóò fi bá ara mu, kí ó máa bá àwọn yòókù ṣe ìdánrawò, kí ó má tí ì díje.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ orí tí a kọ síwájú orúkọ ọmọ, ọwọ́ àgbà ló kọ ọ́. Kí a tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá a lè sọ ọ́ lójú ìyá ọmọ kejì.