Ìbẹ̀rù Nínú Ọkàn Agbéraga

Ní 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àìsàn ìjọra-ẹni-lójú kún ìwé àkójọ àrùn wọn. Ohun tí ojú kì í tètè rí nínú rẹ̀ ni ìbẹ̀rù àbùkù, èyí tí ń bá ẹni bẹ́ẹ̀ pinnu ọ̀ràn gbogbo.

Kí a wo Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́. (Kò sí oníṣègùn tí ó lè yẹ òkú wò, ìwà rẹ̀ nìkan ni ó kù.) Samuel Johnson kọ ọ́ pé 130 ọjọ́ péré ni Aláàfin Awọ́nbíojú lò lórí oyè, Gáà pa á nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ta ni ó gbọ́ ọ rí pé ọba ń dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè? Bí ó bá ṣe pé ọkàn Gáà balẹ̀ ni, kí ni ìdọ̀bálẹ̀ náà ìbá fi kún ọlá rẹ̀?

Abíọ́dún mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ó ń lọ kí i láràárọ̀, títí ó fi bá Ọyabí, Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́, mulẹ̀. Gáà pa ẹni tí ó kọ̀ fún un lójúkojú, ó dá ẹni tí yóò pa á sí. Nígbà tí ogun wọlé tọ̀ ọ́ ní 1774, ó ti darúgbó, kò lè rìn mọ́.