Èémí Ta Ló Wọ́n Jù?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, wọ́n sá eré máráthọ̀n Òlíḿpíìkì nílùú Munich, ní Jámánì. Frank Shorter, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Munich gan-an, ló gbégbá orókè. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìlá ló fi sá a. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n lò níwájú àwọn eléré nígbà Òlíḿpíìkì yẹn ni BMW 1602 kan wà, aláwọ̀ ọsàn, tí kò tú èéfín kankan sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná mànàmáná àti bátìrì dípò. Méjì péré ni wọ́n ṣe. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ẹni tó ń fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró mí kò yẹ kó máa fa èéfín ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ símú.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Ríwáyà ni wọ́n ń pè wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni mo ń kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ méjèèjì ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kúrò lọ́kàn mi. Bí èéfín kò bá yẹ ẹni tó ń sáré fún wákàtí méjì, ṣé ó wá yẹ ọmọ tí ilé wọn wà létí títì, tó ń mí in tọ̀sán-tòru títí ó fi dàgbà? Kò sí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kankan síwájú ọmọ yẹn.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì BMW náà. Bátìrì méjìlá ni wọ́n tò síbẹ̀, bátìrì olójé bíi tiwa yìí náà, ìwọ̀n gbogbo wọn sì jẹ́ 350 kílò. Ẹni tó bá ti gbé bátìrì ọkọ̀ ńlá rí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ìbàdí. Síbẹ̀, agbára tó wà nínú gbogbo ẹrù yẹn kò tó ti lítà bẹntiróòlù méjì. Bí ọkọ̀ náà bá rọra ń lọ lójú kan, ó lè rin nǹkan bí 60 kìlómítà. Nínú ìlú tí a ti ń dúró tí a tún ń gbéra, bí ìdajì rẹ̀ ni. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ náà o. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ náà a máa dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Bí iná bá tán, wọ́n lè fa àpapọ̀ bátìrì náà jáde lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ti èyí tó kún bọ̀ ọ́. Ọpọlọ wọn ti débẹ̀, bátìrì ni kò tíì débẹ̀.

Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tó ń sọ pé àṣehàn lásán ni. Jákọ́bù, nínú lẹ́tà rẹ̀, ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó mọ rere tí kò ṣe é lọ́rùn; kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ ti jẹ gbèsè. Kò lè sọ mọ́ pé òun kò rí i. Ohun tó kù fún un ni kó máa san án díẹ̀díẹ̀, kó má sì sọ pé ó ti tán.

BMW san nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n gbìyànjú bátìrì tó ń lo sodium àti imí-ọjọ́, tó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó lè ṣiṣẹ́. Ní 1991, wọ́n gbé E1 jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Frankfurt, ọkọ̀ kékeré onijókòó mẹ́rin tí wọ́n ṣe nítorí ìrìn inú ìlú nìkan. Wọn kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Láàárín 1992 sí 1996, ọkọ̀ oníná wọn wà lára àwọn tí wọ́n dán wò ní erékùṣù Rügen. Ọdún 2013 ni ọkọ̀ oníná wọn, i3, tó dé ọjà, ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́yìn Munich. Ní gbogbo ìgbà yẹn náà, wọ́n ń ta ọkọ̀ bẹntiróòlù lọ ràì. Bí wọ́n ṣe ń san gbèsè ni wọ́n ń yá òmíràn kún un.

Àwọn baba wa sọ pé Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn, ṣùgbọ́n Olódùmarè nìkan ló ń fi èémí sí i. Jẹ́nẹ́sísì náà fi erùpẹ̀ ṣáájú, kí èémí tó tẹ̀ lé e. Ibi kan náà ni ìtàn méjèèjì dé: ẹni tó mọ ìkòkò kọ́ ló ni èémí. Bí ẹni tó mọ ara pàápàá kò bá ni ín, ta ni àwa tí a ó máa díwọ̀n rẹ̀, kí á sọ pé ti lágbájá wọ́n, ti tàmẹ̀dò pọ̀? Ohun tó fi ìyàtọ̀ sáàárín sárésáré Munich àti ọmọ etí títì kò ju kámẹ́rà lọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà tún le jù. Èédú ilẹ̀ ni Jámánì fi ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ nígbà náà. Èéfín tó kúrò nídìí ọkọ̀ ti gba ibòmíràn yọ, bí ìgbà tí ènìyàn gbá pàǹtí ojúlé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Mo gbà pé ọ̀pá èéfín kan rọrùn láti tọ́jú ju ẹgbẹ̀rún sáléńsà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ tọ́jú rẹ̀. Ti òjé ńkọ́? Òjé wà nínú bẹntiróòlù lásìkò yẹn, bí òfin Jámánì tilẹ̀ dín in kù sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gíráàmù nínú lítà kan lọ́dún 1972 náà. Èyí tó wà nínú bátìrì ní tirẹ̀ wà ní títì pa, títí bátìrì á fi kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù.

Ibẹ̀ ló ti kàn mí. Ẹni tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù bátìrì fẹ́ kó fúyẹ́. Á ṣí ìdérí rẹ̀, á dojú rẹ̀ dé sínú gọ́tà. Ásíìdì á máa hó lórí sìmẹ́ǹtì, á máa ta ènìyàn lójú àti lọ́fun, bó bá sì gbẹ, ojú sìmẹ́ǹtì á ti ṣá funfun. Òjé tó kù á lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ní Ògíjó, nípìńlẹ̀ Ògùn, àwọn ènìyàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ibẹ̀. Òjé tó bá sì wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà. Bátìrì Munich kọ́ ló dé Ògíjó, ṣùgbọ́n ìbéèrè Munich ti débẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún kíláàsì mi ni pé ká má pe ohunkóhun ní mímọ́ kí á tó bi í léèrè ta ni yóò mí ìyókù rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù gbọ́dọ̀ gbé e lọ ní ìdúró, tòun ti ásíìdì inú rẹ̀, kó sì sọ ibi tó ń gbé e lọ. Owó tí mo ń rí kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ń kùn. Mo ní kí wọ́n máa kùn. Gbèsè tí ìmọ̀ bá kó bá ni, bí a kò bá fi owó wa san án, ẹlòmíràn ni yóò fi èémí rẹ̀ san án.