Kí Lo Rí?

Kíkà: Máàkù 8:22–26

Àdúrà kí a tó kà á: Olúwa, má jẹ́ kí n parọ́ ohun tí ojú mi rí níwájú Rẹ lónìí. Àmín.

Ẹ̀yìn ilé wa ni oko ata wà nígbà tí a wà ní kékeré. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Màmá á rán èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ: "Ẹ já èyí tó ti pọ́n wá, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí kò tíì pọ́n." Abọ́ tèmi á pupa fòò. Ti àbúrò mi á kún fún ọmọ ata tó yẹ kó ṣì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí igi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá bú u. Lọ́jọ́ kejì, ó gbá a létí. Lọ́jọ́ kẹta, ó da gbogbo ata náà sílẹ̀, ó ní: "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Odindi oṣù kan ni mo fi ń pè é ní Afọ́jú Ata.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Màmá lò. Ní èdè wa, ata tó pọ́n ti gbó, ó sì ti pupa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí pípupa náà, ta ni yóò sọ gbígbó fún un? Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà wa kò fi àwọ̀ ni ẹnikẹ́ni lára: funfun, pupa, dúdú, ó tán. Ìyeyè wà lábẹ́ pupa, ewé tó tutù yọ̀yọ̀ wà lábẹ́ dúdú. Mo máa ń rò ó pé èdè Yorùbá ìbá ti gba àbúrò mi sílẹ̀, bí kì í bá ṣe pé orúkọ àwọ̀ ata àti ti àwọ̀ ewé rẹ̀ kò bọ́ sí abẹ́ òrùlé kan náà.

Láti ìdí ata yẹn ló ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Nílé ìwé, orúkọ tí wọ́n kọ sára kréyọ́nù ló ń kà. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti ya, á yọjú wo ti ẹni tó jókòó tì í. Bí a bá ní kó wo bí ojú ọ̀run ṣe pọ́n nírọ̀lẹ́, á ní, "Ó mà dára o." Irọ́ ni. Kò rí nǹkan kan.

Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó lọ wá iṣẹ́ síbì kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń yẹ ojú wò. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan tí Ishihara, dókítà ará Japan, gbé jáde ní 1917: òbìrìkìtì tó kún fún ẹ̀kán kéékèèké aláràbarà, nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ó bi í pé, "Kí lo rí?" Kò sí ọmọ kíláàsì tó lè yọjú wo tirẹ̀. Ó dáhùn pé, "Tó-tò-tó ni mo rí, mà." Nọ́ọ̀sì ṣí ojú ewé mìíràn. Tó-tò-tó náà ni.

Wọ́n ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú ẹyinjú tó ń bá wa mọ àwọ̀. Bí èyí tó wà fún pupa tàbí èyí tó wà fún àwọ̀ ewé kò bá sí, tàbí tí kò ṣe déédéé, àwọ̀ méjèèjì á dà pọ̀ mọ́ra. Orí krómósómù X ni àṣìṣe náà wà. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin ti ń gba X kan ṣoṣo tó ní. Obìnrin ní méjì, èyí tó pé a sì máa bo àbùkù èkejì. Láàárín àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù, bí ọkùnrin kan nínú 12 ló ní in, obìnrin kan nínú 200. Láàárín àwa adúláwọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Màmá ló gbà wá, nígbà náà. Ọwọ́ tó gbá a létí nítorí ata, ara kan náà ni. Nígbà tí a ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a rántí bàbá Màmá, tó ń hun aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, tí kì í fọwọ́ kan òwú àlàárì àfi bí ìyàwó rẹ̀ bá tò ó fún un. Ẹtù ló ń hun ṣáá. Gbogbo ilé rò pé ẹtù ló wù ú.

Ọmọ ahunṣọ ni John Dalton pẹ̀lú, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ojú tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bí ní 1766 ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìjọ àwọn Quaker. Ní 1792 ó ṣàkíyèsí pé òdòdó kan tó rí bí ojú sánmà lọ́sàn-án di pupa lójú òun nídìí iná àbẹ́là. Ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ní 1794 ó dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ní Manchester, ó ka ohun tí ojú rẹ̀ ń rí àti ohun tí kò rí fún wọn. Ó ṣìnà nípa ohun tó fà á: ó rò pé omi inú ẹyinjú òun ló láwọ̀ aró, ó sì ní bí òun bá kú kí wọ́n là á wò. Ó kú ní 1844, dókítà là á, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ìyókù ẹyinjú ọ̀hún títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní 1995, tí wọ́n sì rí i pé èyí tó wà fún àwọ̀ ewé kò sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ tó ń sọ Faransé ń fi pe irú ojú bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bíi ti Dalton, ọkùnrin afọ́jú ará Bẹtisáídà inú ẹsẹ tí a kà náà sọ ohun tó rí. Jésù ti fà á lọ́wọ́ jáde kúrò lábúlé, ó ti tutọ́ sí i lójú, ó ti gbọ́wọ́ lé e, ó wá bi í bóyá ó rí ohunkóhun. Ẹ rò ó wò ná. Ta ni nínú wa, níwájú wòlíì, tí kò ní kígbe pé "Ògo! Mo ríran!"? Mo ti jókòó nínú ìsìn ìdúpẹ́ tó pọ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan gba máíkì, kó ní ìdajì ni òun rí. Ọkùnrin yìí ní ènìyàn ń rìn, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n jọ. Jésù kò bínú sí i. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ó tún gbé ọwọ́ lé e.

Àbúrò mi kò tíì rí ọwọ́ kejì, òògùn kankan kò sì sí fún un. Gíláàsì aláwọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà. Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́ láti fìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá ohun tí kò sí padà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà ìwòsàn fún un, kó máa gbà á. Òun ń wa mọ́tò: iná òkè ni dúró, iná ìsàlẹ̀ ni máa lọ (níbi tí iná bá ti ń tàn). Bí aṣọ ẹbí bá dé, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a yan fìlà.

Ní alẹ́ tó ti ìdí àyẹ̀wò dé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Màmá kò fèsì. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mú ata méjì jáde, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó jókòó tì í lórí àga.

"Kí lo rí?"

"Ata ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ wọ́n wò ná."