Òkè Tó Bá Ẹsẹ̀ Wa Mu



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan la wà nínú gúrúùpù náà. Kàbà la ti jọ lọ sí ilé ìwé girama, ṣùgbọ́n ayé ti fọ́n wa ká báyìí: àwọn kan ṣì wà nílé, àwọn kan wà ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá, ọ̀kan sì wà ní ìlú ọba. Ẹni tó wà ní ìlú ọba yìí ló kọ̀wé sí wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú débi pé a ò rí àwọn òkè tó yí Kàbà ká mọ́. Ó ní òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ òun fẹ́ lọ sí àwọn òkè Alps, kí àwọn lọ fi ski yọ̀ lórí yìnyín fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun ò ṣe é rí láyé òun. Wọ́n ní kí òun bá àwọn mú ọ̀kan nínú ibi méjì: Chamonix ní ilẹ̀ Faransé, tàbí Wengen ní Switzerland. Èwo ni kí òun mú?

Kíá, gúrúùpù pín sí méjì. Àwọn kan ní, "Chamonix ni o! Ibẹ̀ ni orúkọ wà. Ṣé torí pápá àwọn ọmọdé lo ṣe máa náwó vísà ni?" Àwọn tó kù dáhùn pé, "Ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí nǹkan náà, kí ló fẹ́ lọ wá níbi táwọn ọ̀gá gan-an ń ṣọ́ra?" A rẹ́rìn-ín, a fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló gba ẹ̀rín lẹ́nu wa. Ó ní àwọn tó ń yá èèyàn ní ski fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́, wọ́n sì béèrè nínú ẹ̀ pé: ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni ẹ́, àbí o ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, àbí o ti di ọ̀gá? Ọ̀rẹ́ wa ní òun fẹ́ kọ ọ́ pé òun ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Kí nìdí? Kí wọ́n má bàa kó òun pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà lójú àwọn ará ibi iṣẹ́ òun.

Ìbéèrè tá a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán ni yíyan òkè, àbí ìwà wà nínú ẹ̀? Tí èèyàn bá parọ́ kékeré nípa ibi tí agbára òun dé, ta ni irọ́ náà ń ṣe ní jàǹbá?

Ká tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni òkè tó dára? Ọ̀rọ̀ òkè kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Ọ̀kún. Ní nǹkan bí igba ọdún sí ìsinsìnyí títí dé ìparí ọ̀rúndún yẹn, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ń já wọ ilẹ̀ wa, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa sá lọ. Ẹṣin kì í gun àpáta. Lójú tiwọn, òkè tó dúró ṣánṣán bí ògiri, tí ọ̀nà ẹ̀ há, tí ọ̀tá kò lè gùn, òun ni òkè tó dára. Ní oṣù January ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà, àwọn ọmọ ogun Nupe tó pàgọ́ síbẹ̀ sá lọ, ogun náà sì kọjá lọ sí Bídà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò pọn dandan mọ́ kí èèyàn máa gbé lórí àpáta. Òkè tó jẹ́ ibi ìsádi lánàá wá di ibi tó jìnnà sí oko àti ọjà.

Òkè náà ò yí padà. Ohun tí àwọn èèyàn nílò ló yí padà. Nítorí náà, kò sí òkè kankan tó kàn dára bẹ́ẹ̀ lásán. A gbọ́dọ̀ béèrè pé: ó dára fún ta ni, láti ṣe kí ni?

Ẹ wá jẹ́ ká fi ojú yìí wo ibi méjèèjì. Ẹsẹ̀ Mont Blanc ni Chamonix wà, òkè tó ga ju 4,800 mítà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Olympics ìgbà òtútù àkọ́kọ́ lọ́dún 1924. Òkìkí ẹ̀ kàn nítorí àwọn ibi tó le: èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ gba Vallée Blanche, nǹkan bí 20 kìlómítà lórí yìnyín tó la ẹnu káàkiri, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lọ láìmú afinimọ̀nà dání. Kì í ṣe pé kò sí ibi tí akọ́ṣẹ́ lè dúró sí ní Chamonix, ó wà. Àmọ́ àwọn ibi ìyọ̀ náà fọ́n ká àfonífojì yẹn ni. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò wà níhìn-ín, àwọn ọ̀gá yóò wà lọ́hùn-ún, ó di alẹ́ kí wọ́n tó rí ara wọn.

Wengen ńkọ́? Abúlé kan ni, ó ga tó nǹkan bí 1,270 mítà. Èèyàn ò lè wa ọkọ̀ tiẹ̀ débẹ̀; rélùwéè ló ń gbé èèyàn gòkè láti Lauterbrunnen. Pápá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wà láàárín abúlé gan-an. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ tí wáyà ń fà máa gbé èèyàn lọ sí Männlichen, níbi tí àwọn ọ̀nà búlúù àti pupa ti rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Grindelwald, tí òkè Eiger, 3,967 mítà, sì dúró gangan níwájú èèyàn. Ẹ má sì rò pé ibi àwọn ọ̀lẹ ni o: ní Wengen yìí kan náà ni wọ́n ti ń sá eré Lauberhorn láti ọdún 1930, ọ̀nà tó gùn ju kìlómítà mẹ́rin lọ, tó ń ba àwọn akọni pàápàá lẹ́rù.

Àwọ̀ tá a dárúkọ yẹn nítumọ̀. Ní Faransé, àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, pupa tẹ̀ lé e, dúdú ló le jù. Ní Switzerland, orí búlúù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà níbi gbogbo: búlúù ìlú kan lè jẹ́ pupa ìlú mìíràn, yìnyín tó bá sì dì gbagidi láàárọ̀ lè sọ ọ̀nà tó rọrùn lánàá di ìṣòro lónìí. Kò sí àwọ̀ tó lè bá èèyàn mọ ara ẹ̀.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tá a wádìí ohun tí wọ́n ń fi ìdáhùn yẹn ṣe, àwa tá à ń pè é ní irọ́ kékeré dákẹ́. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní binding, òun ló ń di bàtà mú mọ́ ski. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó di bàtà mú nígbà tí èèyàn bá ń yọ̀ lọ, kó sì jù ú sílẹ̀ tí èèyàn bá ṣubú, kí ski má bàa lọ́ ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Bó ṣe máa le tó, wọ́n ń wo ìwúwo èèyàn, gíga ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀, gígùn bàtà ẹ̀, àti irú ẹni tó pe ara ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á mú un le sí i fún un. Tí akọ́ṣẹ́ bá wá rọra ṣubú, binding lè má jù ú sílẹ̀. Orúnkún ló máa san gbèsè irọ́ náà. Èèyàn lè tan àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀, kò lè tan orúnkún.

Kì í sì í ṣe orúnkún tiẹ̀ nìkan. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ski, tí wọ́n ń pè ní FIS, ní òfin ìwà mẹ́wàá fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí yìnyín. Èkejì sọ pé kí olúkúlùkù ṣe eré níwọ̀n tí agbára ẹ̀ àti ibi tó wà bá gbà. Ẹ̀kẹta sọ pé ẹni tó ń bọ̀ látẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà tí kò ní pa ẹni tó wà níwájú lára. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni iwájú kò ní ojú lẹ́yìn orí. Ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn ni ẹ̀mí ẹ̀ wà. Ẹni tó bá lọ síbi tí kò ti lè dá ara ẹ̀ dúró, ó ti fi ẹ̀mí ẹlòmíì ta tẹ́tẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. A mọ irú ẹ̀ nílé. Tí ẹni tí kò tíì mọ ọ̀kadà gùn bá gbé èrò méjì, tó kọrí sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, a kì í pè é ní akíkanjú. A mọ orúkọ tá a máa ń pè é.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àmọ́ ẹ dúró ná. Ẹnì kan nínú wa bínú sí òwe yìí, ìbínú ẹ̀ sì nídìí. Ó ní, "Mọ ìwọ̀n ara ẹ" ni wọ́n sọ fún òun nígbà tí òun ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Òun náà ni wọ́n sọ fún ẹni tó fẹ́ kúrò nílé. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n la fi ń gbé ayé, ta ni ì bá ti jáde kúrò ní Kàbà?

Òótọ́ ni. A ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tá a rò ó sókè rò ó sódò, a rí i pé ìwọ̀n méjì ló wà. Ìwọ̀n tí ẹlòmíì wọ̀n fún wa máa ń sọ ibi tá a máa parí sí. Èyí tá a fúnra wa wọ̀n ń sọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ tó gbọ́n máa ń wọn ọmọdé dáadáa, síbẹ̀ á ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ sínú, torí ó mọ̀ pé ọmọ náà ń dàgbà.

Ẹ wo Seun Adigun, ẹni tó sáré fún Nàìjíríà ní London lọ́dún 2012. Nígbà tó fẹ́ kó ẹgbẹ́ bobsled jọ fún orílẹ̀-èdè tí yìnyín kì í bọ́ sí, kò díbọ́n pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó fi igi kan ọkọ̀ ìdánrawò nínú gáréèjì, wọ́n sì ń ti ọkọ̀ onígi yẹn kiri ní Houston. Ní ọdún 2018 wọ́n dé Olympics ní Pyeongchang. Ní Olympics yẹn kan náà, Simidele Adeagbo, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ eré skeleton, dojú bolẹ̀ sáré lórí yìnyín fún Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì gbé nínú ìdíje wọn. Ṣé ìtìjú nìyẹn? Lójú tiwa, kò sí ẹni tó gbójú lé nǹkan ńlá tó bíi tiwọn, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ tó bíi tiwọn. Àwọn nǹkan méjèèjì kì í bára wọn jà.

Kí ló wá ń dẹ́rù bà wá gan-an? Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lórí pápá yìnyín, ọmọ ọdún mẹ́fà á ṣubú, á dìde, á tún lọ. Àgbà akọ́ṣẹ́ á ṣubú, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹnì kan rí òun. Ibi tó ti ń wo ẹ̀yìn yẹn ni irọ́ ti ń wọlé. Ẹni tó sì wà nínú ewu jù kì í ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan, torí ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ọ̀gá, torí ó ti mọ ohun tí yìnyín lè ṣe. Ẹni àárín ni, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní akọ́ṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, nínú iṣẹ́ wa, nínú ẹ̀sìn, nínú ìfẹ́, ibẹ̀ la wà.

Àwọn tó ní kó lọ Chamonix tún ní ọ̀rọ̀ kan: wọ́n ní ibi tó rọrùn kì í lẹ́wà. A ò gbà. Ẹni tó ń gun Eiger lọ́wọ́, òkúta iwájú imú ẹ̀ ló ń rí. Akọ́ṣẹ́ tó jókòó lórí ìdí ẹ̀ ní Männlichen ló ń rí gbogbo òkè náà, láti ìsàlẹ̀ dé góńgó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Mount Patti ní Lọ́kọ́ja, tí ọ̀nà mọ́tò dé orí ẹ̀: téèyàn bá dúró lókè, á rí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kò ní rí Mount Patti. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń rí òkè.

Níbi tá a bọ́rọ̀ dé yìí ni ẹnì kan ti béèrè pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ara yín jà lórí òkè Yúróòpù, ta ló ti gun èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa nínú yín?" Kò sẹ́ni tó fèsì. A ti ń wo àwọn òkè yẹn láti kékeré, àwọn baba wa sá sórí wọn kí wọ́n lè bí wa, síbẹ̀ akọ́ṣẹ́ pátápátá ni wá níbẹ̀.

Wengen ni ọ̀rẹ́ wa mú. Nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ òun nìyí. Ó ní ọwọ́ òun gbọ̀n díẹ̀ kí òun tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó ń bọ̀ nílé lóṣù December, a sì ti fi àdéhùn sí i pé a máa jọ gun òkè kan ní Ìjùmú, èyí tó rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni a máa ní kó ṣíwájú, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.